Ọlọ́jà Ọ̀fà, Ẹ Gbójú Sókè ní Ìtòkú: Àpáta Olúmọ Ń Wò Yín!

Ọlọ́jà àdìrẹ tó bá gbéra ní Ọ̀fà, tó gba Òkukù, Ìkirun, Òṣogbo àti Ìbàdàn kọjá kí ó tó dé Abẹ́òkúta, kì í ní nǹkan mìíràn lọ́kàn ju ọjà lọ. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀ ní Ìtòkú, ọwọ́ ni ó fi ń wo aṣọ: èwo ni gidi, èwo ni ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ China, tí wọ́n wá ń tà á bí ẹni pé ìyá àgbà kan ló rẹ ẹ́ sínú aró. Á ná an, á rà á, á di ẹrù, á tún wọ mọ́tò padà. Ẹlòmíràn á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìgbójú sókè. Bẹ́ẹ̀ ni Olúmọ kò kúkú jìnnà sí ìsọ̀ tó ti ń nájà, ó dúró síbẹ̀ gbàgìdì.

Ẹnì kan á ní, kí ló kan oníṣòwò nínú òkè gígun? Ẹni tó ti ń ru ẹrù láti òwúrọ̀, ṣé àpáta ló tún kù kó pọ́n? Ìbéèrè náà bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tó wà lábẹ́ òkúta yẹn, kò ní bèèrè mọ́.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò nílé dé ibẹ̀, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Wọn ò wá gbafẹ́ o. Abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ náà ni ìlú ti gba orúkọ. Ní ti Olúmọ fúnra rẹ̀, àwọn kan ní “Olúwa ló mọ ọ́n” ni, àwọn mìíràn sì ní ibẹ̀ ni ìyà àti ìrìnkiri wọn mọ. Títí di òní, ẹni tó bá wọ abẹ́ àpáta náà yóò rí ojú ọlọ, ihò róbótó róbótó tí wọ́n ti ń lọ ọkà lára òkúta. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró wo àwọn ihò yìí dáadáa. Ogun ń bẹ níta, ọmọ ń sunkún ebi, ìyá kan sì ń lọ oúnjẹ nínú òkùnkùn. Àwọn ọkùnrin a máa sọ ìtàn ológun, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí kò bá sí ojú ọlọ wọ̀nyẹn, ebi ì bá bá ọ̀tá parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín tó bá dúró níbẹ̀ kò ní ṣàì rántí tilé. Lẹ́yìn ogun Jálumi ti 1878, Ìlọrin dó ti Ọ̀fà fún ọdún mélòó kan, títí ìlú fi fọ́, tí àwọn tó bọ́ fọ́n ká. Ìjàkadì ni orò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpáta bí Olúmọ kò sí níbẹ̀ tí ìyá ọmọ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n padà wá tún ilé kọ́, tí rélùwéè Èkó sì wá gba Ọ̀fà kọjá kí ó tó dé Jẹ́bà ní 1909. Ojú irin yẹn náà ló so Ọ̀fà pọ̀ mọ́ Abẹ́òkúta.

Ní ti gígun rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Mítà 137 ni orí àpáta náà fi ga ju òkun lọ, ìlú fúnra rẹ̀ sì ti wà lókè díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó san owó lẹ́nu géètì, ẹ ó gba orí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gba àárín òkúta méjì tó fún pinpin. Ẹni tó sanra á fẹ̀gbẹ́ rìn, kò sí ẹ̀sín níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i fún àwọn arúgbó, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ojúbọ wà lójú ọ̀nà, ẹ ó rí ìyẹ́ adìyẹ lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Alhaja tàbí ìyá ìjọ tí èyí bá ń kọ lóminú, kò sẹ́ni tó ní kó wá bọ ọ́. Kó kí àwọn àgbà tó bá bá níbẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó sì máa lọ. Bó bá dókè tán, sọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké àti Mọ́sáláṣí gbogbogbòò ni yóò máa wò nísàlẹ̀, láàárín òrùlé páànù tó ti dípàtà lọ súà, odò Ògùn náà ń ṣàn lọ ní tirẹ̀.

Orí òkè yẹn ni ọ̀rọ̀ Ẹfúnróyè Tinúbú ti máa ń wọni lára. Oníṣòwò bíi tiyín ni. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó wá fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Àwọn Dàhòmì ti kọ́kọ́ gbógun wá ní March 1851, tàwọn tobìnrin wọn tó ń jagun, wọ́n sì sá padà. Nígbà tí wọ́n tún dé ní 1864, Tinúbú ló ń pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá. Owó ọjà ni o! Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, òwúrọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ sún un síwájú, nítorí òkúta á máa yọ̀. Ẹ wọ bàtà tó mú ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ fún ìró yín mọ́dìí dáadáa tàbí kí ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé omi dání. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí orúnkún ń yọ lẹ́nu, kó máa sinmi lórí àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ẹ fi ẹrù àdìrẹ yín sí ìsọ̀ oníbàárà tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ ka ìdì rẹ̀ lójú rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ sì tètè sọ̀ kalẹ̀, kí mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn má baà kún kí ẹ tó dé páàkì, torí ìrìn òru kò dára.