Àgádágodo fún Ìtẹ̀ Àtẹ̀túntẹ̀ nínú JavaScript

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, kì í pẹ́ tí yóò fi tún un tẹ̀. Owó lè tipa bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni JavaScript ń dá ìṣẹ̀lẹ̀ lóhùn. Kì í jẹ́ kí ọ̀kan já èkejì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dé ibi await, tó ń retí èsì láti ọ̀dọ̀ sáfà, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìtẹ̀ mìíràn láti wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nítorí náà ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń fi oníyípadà kan, ká pè é ní titipa, ṣe àgádágodo. False ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìtẹ̀ tó bá bá a ní true yóò padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bá bá a ní false yóò sọ ọ́ di true kó tó dé await. Ẹni tó bá tì í lẹ́yìn await, ẹ̀yìn tí olè wọlé ló tó tilẹ̀kùn.

Inú finally ló yẹ kí ṣíṣí rẹ̀ wà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójijì, bọ́tìnnì náà kò ní dáhùn mọ́ àfi tí wọ́n bá tún ojú-ewé náà ṣí. Àgádágodo yìí kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú-ewé mìíràn. Sáfà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ nọ́ńbà ìsanwó kọ̀ọ̀kan wò, bóyá ó ti gbà á rí.