Adágún Ìyákẹ́ lórí òkè Adó-Àwáyè: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gun òkè náà

Ní ìlú Adó-Àwáyè, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, adágún omi kan wà tí kò sí nísàlẹ̀ òkè, tí kò sí ní àfonífojì. Orí àpáta gan-an ló wà, lókè téńté. Ìyákẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, fọ́tò àti fídíò adágún yìí ti ń lọ káàkiri orí ayélujára, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gbéra láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó láti lọ fojú ara wọn rí i. Bí èrò ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń béèrè pé: gbogbo ìtàn àti èèwọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ nípa omi yìí, ṣé ó kan ẹni tó kàn wá gbafẹ́ ni? Ó kàn án, àní bí onítọ̀hún kò tiẹ̀ gba ìtàn náà gbọ́ rárá.

Níbo ló wà, báwo sì ni wọ́n ṣe ń débẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ni Adó-Àwáyè wà. Láti Ìbàdàn, ẹ lè gba ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tó jẹ́ kìlómítà 65. Tí ẹ bá ti dé Ìṣẹ́yìn, ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì, ó ku nǹkan bíi kìlómítà 20.

Nídìí òkè náà, àtẹ̀gùn lẹ óò kọ́kọ́ bá. 369 ni wọ́n máa ń kà á sí. Ṣùgbọ́n kí inú yín má tíì dùn jù tí àtẹ̀gùn bá tán o, nítorí orí àpáta lẹ óò máa tọ̀ lọ títí tí ẹ óò fi dé ibi adágún.

Lójú ọ̀nà, ẹ óò rí Òkúta Ìṣagẹ, òkúta ńlá kan tó dúró bíi pé atẹ́gùn lè bì í ṣubú, tí kò sì ṣubú. Àwọn ará ìlú ka òkúta yìí sí ohun àbọ̀wọ̀ fún tó bá kan ọ̀rọ̀ òjò. Ẹ óò tún rí ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, níbi tí ojú àpáta ti jìn sínú bí ojú ẹsẹ̀ èèyàn.

Kí ni àwọn ará ìlú ń sọ nípa omi náà?

Ìtàn ìlú sọ pé orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá wọn sá sí lásìkò ogun, pàápàá ogun àwọn ará Dàhọ̀mì. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Àwáyè ti jáde: a wá, a sì yè. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ, àwọn ará Ìdànrè náà sì gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ogun kò lè máa sọ̀kalẹ̀ wá pọnmi lójú ọ̀tá. Ẹ wá ro ohun tí omi orí àpáta máa jẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Abájọ tí wọ́n fi ń bọlá fún Ìyákẹ́ bí òrìṣà. Wọ́n ní ó ń fún àgàn lọ́mọ. Wọ́n ní ayé mìíràn wà lábẹ́ omi náà, àti pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í padà wá. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ ìtàn òyìnbó tó wọlé lọ wọn bó ṣe jìn tó, tí wọn kò sì rí i mọ́. Agbómọfúnyákẹ́ ni wọ́n ń pe ibi tó jìn jù, ìyẹn ẹni tó gbé ọmọ fún Ìyákẹ́. Orúkọ yẹn nìkan ti tó láti mú kí ìyá ọlọ́mọ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú dáadáa.

Kì í ṣe àwọn oníṣẹ̀ṣe nìkan ló ń gun òkè náà lóde òní o. Kírísítẹ́nì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀, Mùsùlùmí náà ń lọ.

Báwo ni omi ṣe dé orí àpáta?

Odò kankan kò lè gun òkè. Òjò ló ń rọ omi síbẹ̀. Òkúta líle tó ti wà láti ìgbà láéláé ni irú àwọn àpáta ilẹ̀ Yorùbá bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń ràn án tí òjò sì ń pa á, ojú rẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di kòtò. Tí kòtò náà kò bá ní sísán tó ṣí sísàlẹ̀, omi òjò yóò dúró síbẹ̀ bíi pé inú àwo ló wà. Àwọn ará ìlú ní ti Ìyákẹ́ kì í gbẹ, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: kò sí odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, kò sì sí èyí tó máa ṣan ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Ọṣẹ, ike omi, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ohunkóhun tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé méjì péré ló wà láyé?

Ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ tó wà láyé: Ìyákẹ́ àti Hanging Lake ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé orúkọ Adó-Àwáyè jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe ìbejì.

Ti Colorado wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, odò kékeré sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ohun tó sé omi rẹ̀ mọ́ ni òkúta funfun tí omi fúnra rẹ̀ ń mọ, bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Ti Adó-Àwáyè kò ní irú ẹ̀, àpáta ló gbé e dání.

Ibi tí wọ́n ti jọra jù ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ inú omi méjèèjì. Ní Colorado, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí òróró ara èèyàn lè ba òkúta funfun náà jẹ́. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ní kí olúkúlùkù gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì fi iye èèyàn mọ sí 615 lóòjọ́. Ní ọdún 2021, ìṣàn ẹrẹ̀ ba ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́, wọ́n sì tì í pa títí di 2022.

Ní Adó-Àwáyè, èèwọ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé àṣẹ. Bó ṣe rí ní Òṣogbo náà nìyẹn: èèwọ̀ pé kí wọ́n má gégi, kí wọ́n má dẹdẹ nínú igbó Ọ̀ṣun wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó ṣì wà títí UNESCO fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ká ní wọ́n ti gé igbó náà tán, kí ni wọn ì bá wá wò?

Tí ẹ bá fẹ́ lọ

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì gbéra ní kùtùkùtù. Àpáta máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀, oòrùn ọ̀sán lórí òkúta kò sì ṣeé fi ṣeré.

Ẹ wọ bàtà tó gba ilẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ gbé omi mímu dání.

Ẹ mú ọmọ ìlú kan dání tó mọ ọ̀nà. Yóò sọ ibi tó léèwọ̀ fún yín, owó tí ẹ bá sì fún un, inú ìlú ló máa kù sí.

Gbogbo ọ̀rá àti ike tí ẹ bá gbé gòkè, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ẹ má wọ inú omi. Ẹni tó gbàgbọ́ pé ayé mìíràn wà nísàlẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò gbàgbọ́, ẹ jẹ́ kó ro ó pé omi tí èèyàn kò mọ bó ṣe jìn tó ni, lórí àpáta tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, àtẹ̀gùn 369 sì wà láàárín òun àti títì. Bóyá ìbẹ̀rù òrìṣà ni o, bóyá ìbẹ̀rù ikú omi, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì yóò dúró sí etí omi, Ìyákẹ́ yóò sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.