Eku Igbó, Ọ̀gbẹlẹ̀ àti Ìlera Ilé Wa



Ní ọjọ́ tí wọ́n sun igbó ẹ̀yìn ibùdó wa, mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi igi lé eku tí iná lé jáde. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà kan tí wọ́n jókòó nítòsí bi mí pé, "Tíṣà, ṣé eku tí àwọn baba wa ti ń jẹ bọ̀ ni ó wá di májèlé lónìí?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. N kò dáhùn rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí.

Eku ti dá wa lóró rí. Ní 1924, àrùn eku tí àwọn òyìnbó ń pè ní plague bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún bíi mélòó kan kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tí wọ́n gbógun tì í, àwọn wolé-wolé sì ń wọ ilé dé ilé. Nítorí àrùn yìí ni ìjọba fi dá LEDB sílẹ̀ ní 1928, láti tún àwọn àdúgbò tí ó há jù ní Èkó ṣe.

Báwo ni àrùn náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn? Láàrin àwọn eku inú igbó àti pápá ni ó ti ń gbé. Kòkòrò kékeré kan tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú irun eku, ni ó ń gbé e láti ara eku kan dé òmíràn. Bí ó bá dé ara èkúté ilé, tí èkúté bá ń kú, kòkòrò náà a fò mọ́ ènìyàn. Ojú ọjọ́ sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Kazakhstan, àwọn onímọ̀ sọ ní 2006 pé bí ìgbà ìrúwé bá fi ìwọ̀n 1°C péré gbóná jù ti àtẹ̀yìnwá, iye eku pápá tí ó ní àrùn náà lè fi ohun tí ó ju ìdajì lọ pọ̀ sí i. Títí di òní, ó ṣì ń yọ àwọn ará Madagascar lẹ́nu.

Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ibà Lassa. Ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno ti òní, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys ni ó ń gbé e kiri. Ọmú abo rẹ̀ lè tó 24, ó sì lè bí ọmọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àrùn náà kì í dá eku yìí dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ tí eku tọ̀ sí, tàbí tí ó pa eku tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn án, lè kó o. Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn náà lè kó o láti inú ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo bí ọdún ṣe ń yí. Nígbà òjò, eku rí jẹ nínú oko àti koríko. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí a kórè, tí a sì sun igbó, ilé àti oúnjẹ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbo ni yóò lọ bí kò ṣe inú àká àti yàrá wa? Ìdí nìyí tí ibà Lassa fi ń pọ̀ jù láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin. Ìpínlẹ̀ Òndó, Edo àti Bauchi wà lára àwọn ibi tí ó ti ń ṣọṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Àbújá kò bọ́ níbẹ̀.

Òjò kò rọ̀ bí ti àtijọ́ mọ́, a sì ń ro oko wọ inú igbó sí i. Àwọn onímọ̀ kìlọ̀ ní 2022 pé bí ojú ọjọ́ àti ìlò ilẹ̀ ṣe ń yí padà, ibi tí ó bá àrùn yìí lára mu yóò fẹ̀ dé Àárín Gbùngbùn àti Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ìdáhùn Màmá nìyẹn: kì í ṣe eku nìkan ni ó yí padà, àyíká àwa àti eku ni ó yí padà.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ kó àgbàdo, ìrẹsì àti gààrí sínú ohun tí ó ní ìdérí tí eyín eku kò lè gún. Ẹ má ṣe sá gààrí tàbí èlùbọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Gààrí tí a ń fi omi tútù mu kò rí iná mọ́; bí eku bá ti tọ̀ sí i, kò sí ohun tí yóò pa àrùn náà. Ẹ dí ihò ilé, ẹ da pàǹtí jìnnà, ẹ jẹ́ kí ológbò wà nílé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa lé eku nígbà tí igbó bá ń jó. Ní ti jíjẹ eku, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi í sílẹ̀, nítorí ojú lásán kò lè mọ èyí tí ó ní àrùn.

Ibà yìí máa ń fara jọ ibà ẹ̀fọn: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó fara hàn. Bí a bá lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí kò lọ, ẹ má dúró títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa jáde ní imú tàbí ẹnu. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ sì sọ fún dókítà bí eku bá wà nílé. Oògùn tí a ń pè ní ribavirin ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó pẹ́ lè kú. Nínú àwọn tí ó yè, etí àwọn kan a di. Ẹ lè pe àjọ NCDC, tí ó wà ní Jabi níhìn-ín, lórí 6232 láìsan owó.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a dí ògiri wa kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé tán.