Pápákọ̀ òfurufú St Helena: Bí afẹ́fẹ́ ṣe dá bàálù dúró, tí ọ̀nà sì hú egungun ọmọ Áfíríkà síta

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ dé erékùṣù St Helena gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti Cape Town ní South Africa, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ni ọkọ̀ RMS St Helena máa ń lò lórí òkun kó tó gúnlẹ̀ sí Jamestown, olú ìlú erékùṣù náà.

Àárín òkun Atlantic ni St Helena wà, ó tó nǹkan bí 1,900 kìlómítà sí etíkun Angola. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju bíi 4,500 lọ, abẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Napoleon ti ilẹ̀ Faransé lọ ní 1815, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1821. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá débẹ̀ kò rọ́nà sá lọ.

Afẹ́fẹ́ kò gbà

Ní 2011, wọ́n buwọ́ lu àdéhùn láti kọ́ pápákọ̀ òfurufú síbẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná mílíọ̀nù 285 pọ́n-ùn lé e lórí, pẹ̀lú ìrètí pé arìnrìnàjò afẹ́ yóò máa wá, tí erékùṣù náà yóò sì lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ fọ́ òkè, wọ́n sì fi òkúta rẹ̀ dí àfonífojì Dry Gut.

Bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Oṣù Karùn-ún ọdún 2016 ló yẹ kí wọ́n ṣí i. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi Boeing 737-800 dán an wò ní oṣù Kẹrin, afẹ́fẹ́ tó ń yí padà lójijì fojú awakọ̀ rí màbo. Wọ́n sún ìṣíde síwájú, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é ní pápákọ̀ tí kò wúlò jù lọ láyé.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2017 ni bàálù Airlink, tó kéré sí Boeing náà, tó kó èrò wá láti Johannesburg. Wọn kò jẹ́ kí èrò kún inú rẹ̀, kó lè fúyẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ọkọ̀ RMS St Helena rin ìrìnàjò rẹ̀ ìkẹyìn.

Òkú 325

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ilẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbà láti etíkun dé pápákọ̀ gba àfonífojì Rupert kọjá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa nǹkan àtijọ́ gbẹ́ ibẹ̀ ní 2008, òkú 325 ni wọ́n hú jáde.

Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n. Ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń dá ọkọ̀ olówò ẹrú dúró lórí òkun nígbà náà, bí wọ́n ṣe gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Láti 1840, èèyàn tó lé ní 25,000 ni wọ́n kó wá sí St Helena. Àìsàn àti ìyà inú ọkọ̀ pa bíi 8,000 nínú wọn. Àyẹ̀wò DNA tó jáde ní 2023 fi hàn pé àárín àríwá Angola sí Gabon ni àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ti wá.

Ní 1840 yẹn kan náà ni ilẹ̀ Faransé wá hú òkú Napoleon, tí wọ́n gbé e lọ sí Paris tọlá-tọlá. Ibojì rẹ̀ tó ṣófo ni àlejò ṣì ń lọ wò. Ní ti àwọn 325, inú àpótí ni wọ́n wà nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Jamestown fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Annina van Neel, ọmọ Namibia tó wá ṣiṣẹ́ níbi ìkọ́lé pápákọ̀ náà, wà lára àwọn tó pariwo pé kí wọ́n sin wọ́n. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n tó dá wọn padà sínú ilẹ̀ ní Rupert.

Lónìí, aláìsàn tí kò lè dúró de ọkọ̀ ojú omi ti ń wọ bàálù lọ gba ìtọ́jú ní South Africa. Epo tí bàálù náà ń lò ṣì ń gba ọ̀nà Rupert kọjá.