Ìró Kàràkàrà Inú Ẹ́ńjìnnì: Bí A Ṣe Ń Wá Orísun Rẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ ní Accra

Nínú gbogbo àìsàn tí í máa ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti pẹ́ lójú pópó, ọ̀kan nínú èyí tí ó máa ń gbówó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ láìrí ojútùú ni ìró kàràkàrà tí ń dún fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì tún ń dákẹ́. Ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ rárá kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti wádìí, nítorí pé àìsàn rẹ̀ kò sá pamọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ń pariwo ní òwúrọ̀, tí ó sì ti dákẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ fítà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Gánà ṣe ń pe mẹkáníìkì, a máa fa àríyànjiyàn, a sì máa sọ àtúnṣe di àbá lásán, tí wọn yóò máa pààrọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí owó yóò fi tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò tí ìró náà ń wáyé, àti ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ní àkókò náà, ń tọ́ni sọ́nà ju bí ariwo náà ti pọ̀ tó lọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ó ń dún kò ní pẹ́ mọ ibi tí ó ti ń dún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ìlú Accra gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń rìn ní ìgboro náà ni wọ́n ti lò ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà tàbí Kòríà kí wọ́n tó gba èbúté Tema wọlé, irú èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní tòkunbọ̀, tí àwọn ará Gánà sì ń pè ní home used. Ìjọba ń gba owó ìtanràn lórí ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá ọdún 10 nígbà tí ó bá wọlé, síbẹ̀ takisí àti trotro, èyí tí í ṣe ọkọ̀ akérò wọn, ṣì ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni ọjà Abossey Okai tí kò jìnnà sí Kaneshie, níbi tí a ti ń rí ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun àti àlòkù rà, pẹ̀lú àwọn fítà tí ó pọ̀ ní Kokompe. Ní Kumasi, Suame Magazine ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí ní ewu tirẹ̀, nítorí pé níbi tí ẹ̀yà ọkọ̀ bá ti wà nítòsí, ó máa ń yá ènìyàn lára láti rà á kí ó tó dá a lójú pé òun ni ó bàjẹ́.

Kí ìwádìí tó lè yọrí sí rere, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Písítìn a máa lọ sókè sódò nínú sílíńdà, ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní kọ́nrọ́ọ̀dù a sì so ó mọ́ kíránkì, tí í ṣe irin ńlá ìsàlẹ̀ tí ń yí láti gbé agbára lọ sí táyà. Lókè ẹ́ńjìnnì ni kámù wà, èyí tí ń ṣí fáàfù, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Kámù a máa yí lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró lójú kan tí ó ń yí bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, kíránkì yóò máa yí bí ìgbà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kámù yóò sì máa yí bí ìgbà 6 tàbí 7. Nítorí náà, ìró fẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dún ta-ta-ta láti òkè, tí ó sì lọ́ra ju yíyí ẹ́ńjìnnì lọ, sábà máa ń tọ́ka sí fáàfù àti tápẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó wúwo, tí ń dún kọ́-kọ́-kọ́ láti ìsàlẹ̀, a máa tọ́ka sí kíránkì. Èyí tí kò sì bá ìkankan nínú àwọn méjèèjì rìn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irin kan tí ó tú lára ọkọ̀, tí kò sì kan inú ẹ́ńjìnnì rárá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú. Òtútù òru ní Accra kì í sábà lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, nítorí náà a kò lè sọ pé òtútù ni ó mú kí ọ́ílì dì bí ti Yúróòpù; ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́ílì ti ṣàn padà sí sọ́ọ̀ǹpù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí òkè sì gbẹ. Bí a bá ta ọkọ̀, tápẹ́ẹ̀tì tí ń fi agbára ọ́ílì ṣiṣẹ́ yóò dún títí ọ́ílì yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì tí ń lo ṣéènì táímíǹgì, irú 1ZZ-FE tí Toyota lò fún ọ̀pọ̀ Corolla láti ìparí àwọn ọdún 1990 títí di nǹkan bí 2008: ọ́ílì wà lára ohun tí ń ti tẹ́ńṣọ́nà tí ó ń mú ṣéènì náà le, bí ṣéènì bá sì ti gùn sí i tàbí tí tẹ́ńṣọ́nà bá ti rẹ̀, ṣéènì yóò máa lu ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lẹ́bi, kí ó wo fílítà ọ́ílì. Nínú fílítà tí ó dára ni rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ílì ṣàn padà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí rọ́bà yìí bá ti gan, tàbí tí kò bá sí nínú ayédèrú, ìró òwúrọ̀ yóò máa wá lójoojúmọ́, owó fílítà kan péré ni yóò sì mú un kúrò. Èyí tí ń dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó sì ń dín kù bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, ó lè jẹ́ písítìn tí ó ti jẹ sílíńdà rẹ̀, tí ó ń mì nínú rẹ̀ títí ooru yóò fi mú un gbòòrò.

Ìgbà kejì ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fi agbára ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá gba Ayi Mensah gun òkè lọ sí Peduase àti Aburi, tí ọkọ̀ rẹ̀ kún, lè gbọ́ ìró wínníwínní kan tí yóò dákẹ́ bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù. Ohun tí ó fà á ni pé, nínú sílíńdà, epo ìyókù ti gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwádìí lórí ìró yìí wà lára àwọn tí ó lókìkí jù nínú ìtàn mọ́tò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ ìtanná oníbátírì tí Charles Kettering ṣe, ṣùgbọ́n Thomas Midgley, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìró náà ní 1916, fi ohun ìwọ̀n wo inú sílíńdà, ó sì rí i pé ẹ̀yìn tí púlọ́ọ̀gì ti tanná ni agbára ń ga lójijì, tí ó túmọ̀ sí pé epo ni ó jẹ̀bi. Ní oṣù Kejìlá 1921 ni wọ́n rí i pé èròjà òjé lè pa ìró náà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n òjé jẹ́ májèlé, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà sì fẹnu kò ní Dakar ní 2001 láti yọ ọ́ kúrò. Àlùjéríà ni ó kẹ́yìn láyé, ní 2021. Lónìí, ohun tí ó kù láti yẹ̀ wò ni òǹkà okitéènì epo tí a rà, ìyẹn bí ó ṣe ń dènà gbígbiná fúnra rẹ̀ tó, ẹ̀dú tí ó ti lẹ̀ mọ́ orí písítìn, táímíǹgì tí ó ti yẹ̀, àti rédíétọ̀ tí kò tutù tó.

Ìgbà kẹta ni ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, tàbí tí ó bá dé ìwọ̀n ìsáré kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tí ń fẹ́ láti etíkun a máa jẹ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo salẹ́ńsà kí ooru rẹ̀ má baà jó ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bóòtù tí ó dì í mú a sì jẹrà. Irin yìí ni ó sábà ń mú kí ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Bí a bá fi òòlù rọ́bà kan salẹ́ńsà nígbà tí ó bá ti tutù, tí ó sì dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, a ti rí i. Bí ìró náà bá sì ti inú katalítíìkì wá, tí í ṣe apá salẹ́ńsà tí ń fọ èéfín, amọ̀ líle inú rẹ̀ ni ó ti fọ́. Síìtì ẹ́ńjìnnì tí rọ́bà rẹ̀ ti ya náà a máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lu ara ọkọ̀ nígbà tí a bá fi jíà sí i.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ìgbà, ìwádìí yẹ kí ó lọ láti ohun tí kò gba owó sí èyí tí ó gba owó. Kí a kọ́kọ́ fa géèjì ọ́ílì yọ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a wo bí ọ́ílì ti pọ̀ tó àti bí ó ti rí. Kí a tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí a sì pa á, nítorí pé bí ìró bá bá a lọ tí ó sì bá a bọ̀, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí, fítà lè tú fáànù bẹ́líìtì, kí ó sì ta ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí bẹ́líìtì náà bá ń yí ẹ̀rọ tí ń fa omi. Bí ìró bá dákẹ́, a jẹ́ pé bíárìn inú púlè tàbí inú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí ni ó ti jẹ. Bí kò bá dákẹ́, kí ó mú sikurudíráfà gígùn, kí ó fi ẹnu rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ó fi ìdí rẹ̀ sí etí bí dókítà ṣe ń fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà aláìsàn, kí ó sì máa sún un láti òkè fáàfù dé ideri ṣéènì, láti ibẹ̀ dé sọ́ọ̀ǹpù, ní jíjìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Ibi tí ìró bá ti mú jù ni ó sún mọ́ orísun rẹ̀ jù lọ.

Bí etí bá tọ́ka sí ìsàlẹ̀, ẹ̀rí méjì ni ó kù. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a yọ wáyà tí ń gbé iná lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìfọ́npo, kí a tún ta á. Sílíńdà tí ìró bá rọlẹ̀ nígbà tí a yọ tirẹ̀ ni kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń mì lórí bíárìn. Ẹ̀kejì ni pé kí a gé fílítà ọ́ílì tí a yọ, kí a tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn, kí a sì wò bóyá irin ń dán nínú rẹ̀. Ní ibi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, pàápàá bí iná ọ́ílì bá ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí ọkọ̀ sì dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwádìí: kí a pa ọkọ̀ náà, kí a sì wọ́ ọ lọ, nítorí pé kọ́nrọ́ọ̀dù tí ó bá já lè gba ara bọ́lọ́ọ̀kù jáde, kí àtúnṣe kékeré sì di ríra ẹ́ńjìnnì.

Ọlọ́kọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ fítà rárá ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Kí ó fi fóònù rẹ̀ gba ohùn ìró náà sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń dún, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì tutù tàbí ó gbóná, bóyá ọkọ̀ dúró tàbí ó ń sáré, àti ìgbà tí wọ́n yí ọ́ílì gbẹ̀yìn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ fítà di ọjọ́ kejì, kí fítà fúnra rẹ̀ lè ta á ní òwúrọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sí Abossey Okai láti ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan títí tí fítà yóò fi lè sọ ìgbà tí ìró náà ń dún, ibi tí ó ti ń dún, àti ẹ̀rí tí ó fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.