Wáyà tí kì í fi iná ṣòfò: ibi tí iṣẹ́ dé

Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìjórin ní Tchaourou mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá pẹ́, wáyà á gbóná. Iná tí a sanwó rẹ̀ ló ń ṣòfò lójú ọ̀nà yẹn. Bí wáyà bá ṣe gùn tó ni òfò ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ iná Maria-Gléta, nítòsí Kútọnu, jìnnà sí Tchaourou gan-an.

Àwọn ohun kan wà tí iná ń gba inú wọn kọjá láìsí òfò, bí wọ́n bá tutù gan-an. Lọ́dún 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hideo Hosono àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo, lórílẹ̀-èdè Japan, kéde ọ̀kan tí irin àti arsenic wà nínú rẹ̀. Ó ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu, torí wọ́n gbà pé agbára òòfà ara irin kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣeé ṣe. Ní nǹkan bí -247°C ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan yìí máa ń fọ́ bí ìkòkò amọ̀. Kò ṣeé fà bíi wáyà bàbà. Ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí nǹkan mìíràn. Wọ́n á gbé ègé rẹ̀ sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n á sì máa ta ìtànṣán laser lù ú léraléra. Ibi tí ìtànṣán bá bà á di èéfín, èéfín náà á sì lẹ̀ mọ́ pẹpẹ gbígbóná tó kọjú sí i, bí èéfín ààrò ṣe ń lẹ̀ mọ́ àjà.

Àwọn ègé kéékèèké inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò bíi bíríkì ara ògiri, kí iná lè kọjá. Lọ́dún 2011, ẹgbẹ́ Hosono fi hàn pé bí wọ́n tilẹ̀ yẹ̀ tó dígíríì 9, iná ṣì ń kọjá dáadáa. Ti oníbàbà tó ṣáájú rẹ̀ kì í gbà ju 3 sí 5 lọ. Ìyẹn lè mú kí ṣíṣe é rọrùn.

Òtútù ló kù tó le. Nítorí náà, òòfà alágbára ni wọ́n ń wò ó fún báyìí, kì í ṣe wáyà ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé wáyà tí kì í fi iná ṣòfò wá sọ́jà lónìí, ẹ má ra á. Wáyà tó nípọn, tó kúrú, tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sì le dáadáa, ló ń dín òfò kù.