Rìmóòtù Kò Lè La Ògiri Kọjá

Nínú àwa tí a ní ìsọ̀ ní Lagere àti Sábó, àwọn kan ń gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sára ògiri kí oníbàárà lè máa wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì ti dikódà mọ́ yàrá ẹ̀yìn nítorí olè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ yí ìkànnì padà ńkọ́? Ẹ ó dìde, ẹ ó wá kọ́kọ́rọ́, ẹ ó fi ọjà sílẹ̀!

Iná ni rìmóòtù ń tàn, iná tí ojú ènìyàn kò lè rí. Nínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù, ó ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí 38,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná tọ́ọ̀ṣì kò ṣe lè la ògiri kọjá, tirẹ̀ náà kò lè là á. (Àwọn kan ń lo ìgbì rédíò. Ẹ dúró sẹ́yìn ògiri kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́, ẹ má wulẹ̀ náwó.)

Waya la ó fi gbé àṣẹ rẹ̀ kọjá. "Ojú" kékeré kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Waya á ti ara rẹ̀ lọ sínú àpótí kékeré kan tí ń lo iná ní yàrá ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀, waya tín-ín-rín mìíràn á gbé gílóòbù kékeré tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ iwájú dikódà, níbi tí ojú tirẹ̀ wà gan-an. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn gíláàsì dúdú náà kí ẹ lè rí ibẹ̀. Waya àwòrán yàtọ̀ sí èyí o.

Mẹ́ta ni waya ojú náà sábà máa ń jẹ́: ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan ń dá a padà, ẹ̀kẹta ń gbé àṣẹ. Èmi tí mò ń kọ èyí ti pa méjì àkọ́kọ́ dà rí. Ojú tuntun jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọ̀ waya kì í bára mu nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí. Ẹ má dì í pọ̀ mọ́ waya iná ilé. Ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, nítorí oòrùn náà ń tan irú iná yẹn.

Kí ẹ tó sanwó fún oníṣẹ́, ẹ ní kí ó dán an wò níṣojú yín. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù síwájú gílóòbù kékeré náà, kí ẹlòmíràn tẹ rìmóòtù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí i tí ń ṣẹ́jú. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi fóònù náà wo rìmóòtù fúnra rẹ̀. Bí òun náà kò bá tàn, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ tó bá oníṣẹ́ jà.